Willow tàbí Blue Italian: èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jọ?

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo aláró àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, Willow, orúkọ àwòrán kan tí wọ́n ń tẹ̀ sára àwo, ló rọrùn jù láti rí. Láti nǹkan bí 1790 ló ti wà: igi kan tó so orí kọ́, afárá tí ènìyàn mẹ́ta ń gbà kọjá, ẹyẹ méjì lókè. Àìmọye ilé iṣẹ́ ló ṣe é, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Ìtàn olólùfẹ́ méjì tí wọ́n ń sọ mọ́ ọn kò ti Ṣáínà wá o, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti hun ún.

Blue Italian ni ọkàn tèmi fà mọ́. Àwòrán mìíràn lòun náà; Spode, ilé iṣẹ́ àwo kan ní ìlú Stoke, ló gbé e jáde ní 1816: àwókù ilé àtijọ́ Ítálì, odò, àwọn darandaran, òdòdó yí etí àwo ká. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì ṣíwọ́ ṣíṣe é, tuntun sì lè jọ ti àtijọ́. Ẹ dojú àwo délẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá rí “England” lẹ́yìn rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé lẹ́yìn 1891 ni wọ́n ṣe é.