Solignum, oògùn pákó tó ń lé ikán, lára fẹ́ńsì onípákó: bó ṣe rí fún wa ní Kubwa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fẹ́ńsì onípákó l'Ábújá níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó lọ ra ọ̀dà glọ́ọ̀sì. Ẹni tó gbé ilé wa ṣáájú wa ti fi glọ́ọ̀sì funfun kun ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì, ó sì ti ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹ̀fọ́ ni ò tíì rí ọ̀dà rárá, èmi àtìyàwó mi wá ń rò ó pé ṣé ká kùn ún àbí ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Glọ́ọ̀sì, orí pákó ló máa ń dúró sí, kì í wọnú. Òjò tiwa níbí, láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, á gba ojú ìṣó àti ojú ibi tí wọ́n ti gé pákó wọlé, pákó á wú, ọyẹ́ á dé, pákó á súnkì, glọ́ọ̀sì tó ti gan ò lè bá a wú kó tún bá a súnkì, ló bá là, omi bá há sábẹ́ ẹ̀, ó di jíjẹrà nìyẹn. Téèyàn ò bá sì kun nǹkan kan, oòrùn á sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú, ìyẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan, ikán ni wàhálà. Ká ní ìrókò ni pákó wa, mi ò bá má yọ ara mi lẹ́nu, àmọ́ arère ni, arère ò sì lágbára kankan níwájú ikán.

Kápẹ́ńtà wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì kùn ún, kò wọ́n." Mo ní rárá, ọ́ìlì tí wọ́n ti lò tán, tí wọ́n dà jáde nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò, kó máa ro sílẹ̀ tí mo ti ń já tẹ̀tẹ̀ jẹ?

Bí mo ṣe lọ ra Solignum aláwọ̀ ilẹ̀, tó ń wọnú pákó ní tiẹ̀, lọ́jà Dei-Dei nìyẹn. Lẹ́yìn tójò dá, kí eruku ọyẹ́ tó pọ̀, la kùn ún. Ẹ kọ́kọ́ ta omi sára pákó, tó bá fà á mu, ó ti gbẹ tó. Ojú gígé àti ẹsẹ̀ òpó ni kẹ́ ẹ ti náwó jù o! Ibẹ̀ lomi àti ikán ń gbà wọlé, a gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ òpó díẹ̀, a ń kùn ún, ó ń mu, a tún ń kùn ún títí tí ò fi mu mọ́.

Òórùn ẹ̀ le gan-an ṣá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ fi náílọ̀nù bo ẹ̀fọ́, ẹ má sì da èyí tó ṣẹ́kù sí gọ́tà torí ó ń pa ẹja odò. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa ti ṣá lẹ́yìn òjò ọdún kan, èyí ò dùn mọ́ mi, àmọ́ a kàn gbá eruku kúrò a tún kùn ún lé e ni, kò sí pé à ń ha nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ títì ńkọ́? Solignum ò lè gba orí glọ́ọ̀sì wọlé, ọmọ tó fi sánpépà ha á fún wa, owó iṣẹ́ ẹ̀ ju owó Solignum lọ.

Ikán ò tíì gun òpó kankan títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, màá sì tún un rà. Tẹ́ ẹ bá dé Dei-Dei, ẹ yẹ ìdérí agolo wò dáadáa, kó má jẹ́ èyí tí wọ́n ti ṣí rí ni wọ́n máa tà fún yín.