Mo lọ jókòó jẹ́ẹ́ ní Nan Hua, orúnkún mi ló sanwó ẹ̀

N ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ n'Ílódè tí ìyá mi fi bi mí pé, "Ṣé o ò forí balẹ̀ fún ère ṣá?" Rárá o, màmá. Kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi tó ń gbé Pretoria ní South Africa ló ní kí n lọ wo Nan Hua, tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tó wà ní Bronkhorstspruit, bí 50 kìlómítà síbẹ̀. Ìjọ Fo Guang Shan tí Hsing Yun, mọ́ńkì kan (ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ fún ẹ̀sìn), dá sílẹ̀ ní Taiwan lọ́dún 1967 ló ni ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ náà ní 1992, ó di 2005 kí gbọ̀ngán ńlá tó parí. Takisí tó gbé mi lọ gba ìlọ́po méjì iye tá a jọ ná. Ẹ bá ẹni yín wá ọkọ̀ lọ.

Òrùlé aláwọ̀ wúrà lẹ ó kọ́kọ́ rí, etí ẹ̀ ká sókè bíi ti fìlà abetíajá. Ẹ ó bọ́ bàtà, òórùn tùràrí á pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà.

Àṣàrò ni mo torí ẹ̀ lọ. Mọ́ńkì obìnrin kan tó fárí kodoro ní ká ká ẹsẹ̀, ká na ẹ̀yìn, ká máa ka èémí wa láti ení dé ẹ̀wá, ká tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé nǹkan nìyẹn? Mo ka dé ẹẹ́rin, mo rántí owó iná. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo dé ẹẹ́fà, onígbèsè mi ní Lágere yọjú. Orúnkún ń ta mí. Ìyá ará Ṣáínà kan tó ju màmá mi lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò mira rárá, ojú tì mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ka ẹ̀wá pé kí agogo tó dún, àmọ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn, mo ń gbọ́ bí ẹyẹ ṣe ń fẹsẹ̀ họ òrùlé.

Oúnjẹ ńkọ́? Àìsí ẹran ò yà mí lẹ́nu. Àlùbọ́sà àti aáyù ni kò sí! Àwọn mọ́ńkì Ṣáínà kì í jẹ wọ́n, wọ́n ní méjèèjì ń ru ara sókè. Wàrà sóyà ni mo fi pa ebi, ó dà bí èyí tí wọ́n ń dín ní Ṣábó, ata ẹ̀ ló kù.

"Ọbẹ̀ tí ò lálùbọ́sà?" Màmá pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n ṣe àṣàrò ọ̀hún kóun rí i. Mo ká ẹsẹ̀ lórí ẹní, mo ka ení, mo ka èjì, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa hó gììì.