Maṣíìnì ọlọ́wọ́ orí dúdú: ohun tí mo rí lára ẹ̀ bí mo ṣe ń kọ́ ìránṣọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè maṣíìnì tẹ́ ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ ìránṣọ nílé, tí kì í ṣe pé ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sáré lọ ra oníná o. Ọlọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ rà. Orí dúdú yìí náà tí gbogbo wa mọ̀, tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà ṣe ọ̀ṣọ́ sí lára, tó jókòó sórí pákó, tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń yí lápá ọ̀tún. Òun lèmi ń lò, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ni pé kì í sáré. Tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ ẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà mẹ́ta péré ni abẹ́rẹ́ máa gún aṣọ, tẹ́ ẹ bá dúró òun náà á dúró. Oníná ò rí bẹ́ẹ̀, tẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí ó ti lọ, kó tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ó ti rán ọwọ́ bùbá mọ́ ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ NEPA tún wá ńkọ́? Tí wọ́n bá múná lọ, ẹ kàn máa gbé e sún mọ́ fèrèsé ni, iṣẹ́ ń lọ.

Ibi tí wàhálà ẹ̀ wà ni pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí maṣíìnì, ọwọ́ òsì nìkan ló kù tẹ́ ẹ máa fi darí aṣọ. Ojú ibi tó bá gùn gbọọrọ ò le, ẹ̀gbẹ́ ìró, ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò, ìyẹn á lọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé ọrùn, àbí ibi tí ọwọ́ aṣọ ti so mọ́ èjìká, ìlà máa wọ́ níbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní wọ́ fún. Ẹ dín bẹ́ ẹ ṣe ń yí i kù, tó bá di ibi tó ṣẹ́ kọrọ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì, ìyẹn irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nídìí abẹ́rẹ́, sókè, ẹ yí aṣọ, ẹ gbé ẹsẹ̀ padà sílẹ̀, ẹ máa lọ.

Ẹ wá gbọ́, nǹkan tó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí maṣíìnì kì í ṣe ìránṣọ fúnra ẹ̀, òwú tó ń dì jọ lábẹ́ aṣọ ni. Wọ́n á ní maṣíìnì ti bà jẹ́. Kò bà jẹ́ o. Tí òwú bá ń dì lábẹ́, òwú òkè ni kẹ́ ẹ wò, ó ṣeé ṣe kó má wọ àárín irin róbótó méjì tó ń há a mú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ maṣíìnì sókè, ẹ fa òwú yọ, ẹ tún un kì látìbẹ̀rẹ̀. Ti bọ́bìnì, ìyẹn èyí kékeré tí wọ́n ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí, náà rọrùn láti dán wò: ẹ di òwú ẹ̀ mú, kẹ́ ẹ jẹ́ kí kéèsì bọ́bìnì rọ̀ nísàlẹ̀, ẹ já a díẹ̀. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ tó dúró, ó dáa. Tó bá ń já bọ́ fúnra ẹ̀, ẹ fún skúrù kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni o. Nọ́ńbà 14 ni abẹ́rẹ́ tó bá ánkárá mu, 16 fún aṣọ òkè, 11 fún èyí tó bá fẹ́lẹ́. Òróró maṣíìnì sì ni kẹ́ ẹ kán sí i, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òróró ẹ̀pà tẹ́ ẹ fi ń dín dòdò, ìyẹn á gan mọ́ irin ni.

Páàtì maṣíìnì yìí ò wọ́n rárá. Àwọn orí dúdú tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà bíi Butterfly, Singer àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 15 ni wọ́n wò ṣe é, torí náà bọ́bìnì àti abẹ́rẹ́ ẹ̀ wà káàkiri ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa la máa ń lọ sí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta lọ ra àdìrẹ, tá a máa sọ fún ìyá tó ń tà á pé ọwọ́ la fẹ́ o, a ò fẹ́ èyí tí wọ́n fi maṣíìnì tẹ̀. Ẹ tẹ́ àdìrẹ Ìbàdàndùn tí wọ́n fọwọ́ ya sílẹ̀ kẹ́ ẹ wo òpó gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn tí wọ́n yà sára ẹ̀ dáadáa: òpó kan sanra ju èkejì, ibòmíì ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń yà á ti tàn kọjá ibi tí ìyẹ́ adìẹ fi í sí, aró náà dúdú níbì kan ó mọ́ níbòmíì. Ohun tá a torí ẹ̀ sanwó nìyẹn, a mọ̀ pé èèyàn ló jókòó tì í. Ẹni yìí kan náà á délé, á rán bùbá tiẹ̀, ìlà etí ìsàlẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀, á mú rézọ̀ á tú u, á tún un rán, á tún tú u, títí aṣọ á fi ya. Kí ló dé? Ọwọ́ tiẹ̀ náà kì í ṣe ọwọ́ ni?

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ máa ránṣọ wúruwùru o. Èjìká, abíyá, ìdí ṣòkòtò, gbogbo ibi tí ara ti ń fa aṣọ, tí kò bá dáa kẹ́ ẹ tú u láìwo ojú ẹnikẹ́ni, torí ibẹ̀ ló máa já lójú agbo. Ẹ̀gbẹ́ kan tó gùn ju èkejì náà, ẹ tú u. Àmọ́ ìlà tó kàn wọ́ díẹ̀ létí aṣọ, tó dúró gbọn-in, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ jáde. Bùbá àdìrẹ tí mo kọ́kọ́ rán, etí ẹ̀ ò tọ́ délẹ̀, mò ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ń dùn tí wọ́n bá bi mí ta ló rán an. Ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ télọ̀ ń lo ọdún méjì mẹ́ta kó tó ṣe fírídọ̀mù, tó jẹ́ bọ́tìnnì àti etí aṣọ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé fún un, tí wọ́n á ní kó máa gé ṣòkòtò lórí ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọ lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fún ara yín láyè.

Tó bá jẹ́ aṣọ tó ń fà bíi jẹ́sì lẹ fẹ́ máa rán, ẹ fi maṣíìnì yìí sílẹ̀, ìlà tó tọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n rán, kò ní sígísáàgì, òwú á sì máa já. Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí náà, kó ra ẹlẹ́sẹ̀ tàbí oníná.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra tèmi ò fi òwú dán an wò kí wọ́n tó gbé e fún mi, ilé ni mo ti wá fún skúrù ọwọ́ ẹ̀ tó ti dẹ̀. Torí náà ẹ mú àkísà ánkárá dání lọ, ẹ ṣẹ́ ẹ po méjì, kí wọ́n rán an lójú yín, kẹ́ ẹ fa ìlà náà wò. Ẹ yí i láìsí òwú kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Kẹ́ ẹ sì gba bọ́bìnì mẹ́rin márùn-ún sí i, kí àwọ̀ òwú kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, ẹ ò ní máa tú òwú dànù nígbà gbogbo tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀.