Arlo Parks: orin mẹ́rin tí mo gbọ́ kí n tó lọ sí Brighton

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ àwo orin kékeré kan fún yín, "Super Sad Generation" ti akọrin kan tó ń jẹ́ Arlo Parks, torí ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi. Lọ́dún 2019, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì Great Escape, àjọ̀dún orin tí wọ́n máa ń ṣe ní Brighton, ìlú kan létí òkun ní England, lóṣù karùn-ún. Kì í ṣe pápá ńlá tí wọ́n pàgọ́ sí o, àárín ìlú gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é látọdún 2006, ilé ọtí, kílọ́ọ̀bù, kódà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ wọlé níbí ẹ jáde lọ́hùn-ún, àwọn akọrin tí ayé ò tíì gbọ́ orúkọ wọn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ láìmọ ẹnì kankan, ẹ máa kàn rìn kiri ni, bí ẹni wọ ọjà Oyíngbò tí ò mọ ohun tó fẹ́ rà.

Ohun témi máa ń ṣe ni pé tó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, màá jókòó ti ìwé orúkọ àwọn tó fẹ́ kọrin, ìsàlẹ̀ pátápátá ni màá sì ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù. Ẹnì kan, orin kan. Tí ò bá mú mi láàárín ìṣẹ́jú kan, mo ti kọjá nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mò ń lọ aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ni orin kan tó ń jẹ́ "Cola" bá bẹ̀rẹ̀, mo rọra gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, mo wá jókòó.

Ọmọ náà ò pariwo rárá. Àfi bíi pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń ròyìn ohun tójú ẹ̀ rí, jìtá ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́, ìlù náà ò kánjú. Ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ tó dalẹ̀ ló ń sọ, ọmọ yìí sì ní kó máa gbé òdòdó ẹ̀ lọ síbòmíì. Kò bú u, kò ṣépè, ohùn ẹ̀ ò tiẹ̀ yí padà, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù, torí ẹni tó bá ti sunkún tán ló máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn.

Mo wá lọ wo ẹni tó jẹ́. Arlo Parks lorúkọ tó fi ń kọrin, ọmọ London, oṣù kẹjọ ọdún 2000 ni wọ́n bí i, ẹ ò rí i pé ọmọ ọdún 18 péré ni nígbà yẹn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ńkọ́? Anaïs Oluwatoyin Estelle Marinho. Olúwatóyìn! Marinho náà sì rèé, irú orúkọ táwọn Àgùdà Èkó ń jẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lóru ọjọ́ yẹn, mo ní "Sista mi, ọmọ wa kan wà níbí o."

Inú àwo "Super Sad Generation" yìí ni "Cola" wà, orin mẹ́rin péré ló sì wà níbẹ̀. Orin tó jẹ́ orúkọ yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń sọ, àwọn tó ń fi oògùn àti ọtí pa ìbànújẹ́ rẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, kò sì dá wọn lẹ́jọ́, òun náà wà láàárín wọn. Mo lọ́mọ ọ̀dọ́ nílé, orin yẹn jẹ́ kí n béèrè ohun tí mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ rí.

Nígbà tá a dé Brighton a tètè lọ dúró síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ jùjú nìkan ló máa ń gbọ́, ṣe ló di ọwọ́ mi mú títí ọmọ náà fi kọrin tán, ó ní "Ohùn ẹ̀ tutù bí omi àmù." Gbogbo yàrá dákẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbé fóònù sókè.

Gbogbo ayé ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Àwo ńlá ẹ̀ àkọ́kọ́, "Collapsed in Sunbeams", jáde ní January 2021, ó wọ ipò kẹta nínú àwọn àwo tó ń tà jù ní Britain, ó sì gba ẹ̀bùn Mercury lọ́dún náà, ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń fún àwo tó dáa jù níbẹ̀. Èyí dáa, wọ́n tún un ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n orin mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn ni mo ṣì máa ń padà sí, torí kò sí ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọ̀kan tí mo yọ, torí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rìn lẹ́sẹ̀ kan náà ni, ẹni tó bá ń wá orin ijó ò ní rí i níbẹ̀. Ó tún máa ń gbé àwọn ọ̀rọ̀ kan mì, torí náà ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ, lálẹ́, kẹ́ ẹ sì gbọ́ "Cola" lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó bọ́ sí òmíì.