F-150 Lightning tó ti lé ní 90,000 máìlì: ẹ wọn bátìrì rẹ̀ kí wáràǹtì tó tán

Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ra Ford F-150 Lightning nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 2022, tí wọ́n sì ń fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ti ń sún mọ́ 100,000 máìlì báyìí. Ibẹ̀ ni wáràǹtì bátìrì parí sí, àfi bí ọdún mẹ́jọ bá kọ́kọ́ pé. Ṣé kí wọ́n tà á kó tó dé ibẹ̀ ni, àbí kí wọ́n máa wà á lọ? Lójú tiwa, Lightning alábátìrì ńlá (Extended Range) tó ń gba iná nílé lálaalẹ́ yẹ ní títọ́jú, bí bátìrì rẹ̀ àti ṣájà inú rẹ̀ bá yege àyẹ̀wò. Èyí tó jẹ́ pé ṣájà ojú títì nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé, tó tún ń fa tírélà lọ sọ́nà jíjìn, ẹ tètè tà á.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wáràǹtì yìí bò. Èyí tó bo gbogbo ara ọkọ̀ ti parí láti ọdún mẹ́ta tàbí 36,000 máìlì. Ẹni tó ti dé 90,000 ti ń fi owó ara rẹ̀ tún ilẹ̀kùn, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe tipẹ́. Ohun tó kù tó ń bọ̀ wá tán ni ti àwọn ẹ̀yà tí iná ńlá ń gbà kọjá: bátìrì ńlá, ṣájà inú ọkọ̀ tó ń yí iná ilé padà sí irú èyí tí bátìrì ń gbà, inverter tó ń yí iná bátìrì padà fún àwọn ẹ̀rọ tó ń yí táyà, DC/DC converter tó ń bọ́ bátìrì kékeré, àti ẹ̀rọ iná méjì tó ń yí táyà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ kúrò lọ́dọ̀ dílà ni wọ́n ti ń ka ọdún mẹ́jọ náà, kì í ṣe ọdún tí wọ́n kọ mọ́ módẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ní ti bátìrì tó ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó tó di pé Ford dá sí i, agbára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 70%. Bó bá wà ní 74%, ẹ̀yin lẹ ni ín. Ìdí nìyẹn tí ààbò tó wà nínú wáràǹtì yìí gan-an fi jẹ́ ti ìjàǹbá òjijì: sẹ́ẹ̀lì tó kú, omi tó wọ ojú ìsopọ̀ wáyà, ṣájà tó jóná. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sì máa ń fi àmì hàn ṣáájú, bí èèyàn bá mọ ibi tó yẹ kó wò.

Bátìrì Extended Range ní 131 kWh tó ṣeé lò nígbà tó wà ní tuntun, ti Standard Range ní 98. Ẹ má fi máìlì tí dáṣíbọ́ọ̀dù sọ pé ó kù wọ̀n ọ́n o. Bí ẹ ṣe wakọ̀ láìpẹ́ yìí ló fi ń ṣírò, kò sọ bí bátìrì ṣe lágbára tó. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí yóò fi ku 10%, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá fún un níná nílé títí dé 90% láìdá a dúró lágbedeméjì. Ẹ wo iye kWh tí ṣájà ara ògiri kọ sílẹ̀. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló máa ń di ooru lójú ọ̀nà, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ fi 0.8 pín èyí tó kù, torí láti 10% dé 90% jẹ́ 80% bátìrì. Ká ní ògiri kọ 106 kWh: 95.4 ló wọlé. Bẹ́ ẹ bá fi 0.8 pín in, ó di nǹkan bí 119. Ìyẹn sì jẹ́ 91% nínú 131. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ tí òtútù kò mú, torí pé nígbà òtútù, ọkọ̀ máa ń lo lára iná náà láti fi mú bátìrì gbóná, ìṣirò á sì dàrú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ki ẹ̀rọ OBD-II kékeré bọ ojú ihò tó wà lábẹ́ sitiárìn, kẹ́ ẹ fi FORScan tàbí Car Scanner, áàpù orí fóònù, ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ. Nọ́ńbà SOH (State of Health, ìyẹn ìdá agbára tó ṣẹ́ kù nínú bátìrì) tó máa gbé jáde jẹ́ àfojúdíwọ̀n kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ẹ má fi ọkàn tán an pátápátá. Èyí tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni àlàfo tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì tí iná rẹ̀ ga jù àti èyí tí tirẹ̀ rẹlẹ̀ jù. Bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú tí àlàfo náà kò ju 0.02V lọ, ara rẹ̀ dá. Bó bá lé ní 0.05V, tó sì ń fẹ̀ sí i bí bátìrì ṣe ń tán lọ, sẹ́ẹ̀lì kan ti ń ṣàárẹ̀. Ńṣe ni wọ́n so àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tẹ̀ léra wọn, nítorí náà èyí tó lẹ jù ló ń pinnu ibi tí gbogbo wọn máa dúró sí. SOH bátìrì lè jẹ́ 90% lórí fóònù kí ọkọ̀ sì kú sọ́nà nígbà tí iná inú rẹ̀ ku 8%, ohun tó sì fà á nìyẹn.

Bí agbára bátìrì tí ẹ ṣírò bá jẹ́ 88% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àlàfo sẹ́ẹ̀lì kéré, ẹ máa wà á lọ. Láàárín 80 sí 88, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ìrìn òòjọ́ yín kò bá ju 120 máìlì lọ. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ 80 kó tó pé 100,000 máìlì, ó ń wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbé e lọ bá dílà lọ́sẹ̀ náà gan-an.

Ṣájà inú ọkọ̀ ni ẹ̀yà kejì tó ń kó ìdààmú bá àwọn tó ń fún ọkọ̀ níná nílé. Extended Range ti 2022 àti 2023 ní méjì, àpapọ̀ wọn sì lè gba 19.2 kW bí ṣájà ògiri bá jẹ́ ti 80A. Bí ọkọ̀ tó ń gba 19 tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé dúró sí nǹkan bí ìdajì rẹ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì ló ti ń kú lọ. Bó bá ń gba iná dáadáa ní ṣájà ojú títì ayárabíàṣá (DC) àmọ́ tó kọ̀ ọ́ nílé, ṣájà inú ọkọ̀ náà lẹ máa kọ́kọ́ fura sí, nítorí iná irú ṣájà ojú títì bẹ́ẹ̀ kì í gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́, ẹ dán ọkọ̀ náà wò lára ṣájà ògiri mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì 14-50 (ti iná 240V) olówó pọ́ọ́kú tó wà nílé ló yọ̀, tí wáyà inú rẹ̀ tú nítorí ooru. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ike rẹ̀ ti dúdú. Ẹ yẹ ojú ihò tí ọkọ̀ fi ń gba iná wò bákan náà. Àwọn tó ń lo adapter tí Ford fún wọn láti fi lo ṣájà Tesla gbọ́dọ̀ rí i dájú pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ní October 2024 Ford ní kí wọ́n dáwọ́ dúró lílo ti àkọ́kọ́ nítorí ó lè ba ihò náà jẹ́.

Bátìrì 12V kékeré kì í wọ́n, àmọ́ òun ló máa ń mú kí ìkìlọ̀ mẹ́wàá hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá wà nísàlẹ̀ 12.2V lẹ́yìn tó sùn mọ́jú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi FORScan sọ fún kọ̀ǹpútà pé tuntun ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú bátìrì ńlá láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ wọn kékeré yìí.

Lábẹ́ ọkọ̀, ìwúwo ló ń ṣiṣẹ́ ibi. Lightning wúwo ju 6,000 pọ́ùn lọ, ó sì ń jẹ búṣì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì àti táyà. Kábìnì, gíláàsì àti ilẹ̀kùn bá ti F-150 alépo mu, nítorí náà páàtì wọn kò ní ṣọ̀wọ́n. Ìdí ọkọ̀ ló yàtọ̀: ti alépo ní irin pẹlẹbẹ àti ákísù kan ṣoṣo, Lightning ní sípíríìnì oníróbótó, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan sì ń dá gbọ̀n tirẹ̀. Páàtì ẹ̀yìn yẹn lẹ máa fi sùúrù wá, pàápàá láti ìgbà tí Ford ti kéde ní December 2025 pé òun ò ní ṣe Lightning oníbátìrì nìkan mọ́. Bíréèkì kì í tètè jẹ tán torí ẹ̀rọ iná ló ń ṣe púpọ̀ nínú ìdádúró, ṣùgbọ́n kálípà máa ń gan níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì. Ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi gíríìsì sí i lọ́dọọdún.

Owó wá ńkọ́? Ká ní iná ilé jẹ́ sẹ́ǹtì 15 fún kWh kan. Ọgọ́rùn-ún máìlì ń gba nǹkan bí 47 kWh láti ara ògiri, dọ́là méje nìyẹn. F-150 alépo tó ń rin 20 máìlì lórí gálọ́ọ̀nù kan yóò jẹ dọ́là 16 bí epo bá jẹ́ $3.20. Ẹni tó ń rin 15,000 máìlì lọ́dún ń ṣẹ́ nǹkan bí $1,350 kù. Ẹ máa fi $100 lára rẹ̀ pamọ́ lóṣooṣù. Wáràǹtì tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe nìyẹn. Ní ṣájà ojú títì tó ń gba sẹ́ǹtì 55, ọgọ́rùn-ún máìlì kan náà lé ní dọ́là 24, kò sì sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù láti fi pamọ́. Tírélà tún máa ń gé ìrìn rẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì: bátìrì tó wà ní 91% yóò rin nǹkan bí 145 máìlì, bẹ́ ẹ bá sì ń lò ó láti 80% sí 10%, ṣájà kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju 100 máìlì lọ. Ní Chicago nígbà òtútù, ẹ tún dín in kù sí i, torí ti 2022 àti 2023 kò ní heat pump, ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná láìlo iná púpọ̀.

Àwọn kan ń rò ó pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Èkó. A ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi ló ń ka bátìrì lithium sí ẹrù eléwu, ẹnu ṣájà rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà, jẹnẹrétọ̀ 5 kVA tó ń fún un ní 4 kW yóò sì ṣiṣẹ́ fún wákàtí 29 kó tó gbé e láti 10% dé 90%.

Fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú tirẹ̀, 92,000 máìlì ló yẹ kó ti gbé e dé ọ̀dọ̀ dílà, kì í ṣe 99,500. Kó kọ́kọ́ fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, wá a lórí ojú ìwé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ojú títì, bóyá àtúnṣe ọ̀fẹ́ kan ṣì wà tí wọn ò tíì ṣe. Kó mú ìṣirò kWh rẹ̀ àti fọ́tò ohun tí FORScan kà dání, kó sì rí i pé wọ́n kọ ẹ̀sùn náà sínú ìwé pẹ̀lú déètì àti máìlì, kódà bí wọ́n bá ní àwọn ò rí nǹkan kan. Bí ẹ̀yà kan náà bá kú ní 101,000, ìwé yẹn nìkan ló lè jẹ́rìí pé àìsàn náà ti wà níbẹ̀ kí wáràǹtì tó tán.