Ẹ̀rọ ìdérí ìgò alápá méjì tí mo rà ní Sábó, Ìkòròdú

Ìgò kẹta ni mo ṣí níwájú bàbá ìyàwó mi kí n tó mọ̀ pé ojú máa tì mí lọ́jọ́ náà. Mo ti fọ́nnu tán. Mo ti ní ọwọ́ mi ni mo fi pọn bíà yìí, ọkà bàbà pupa ni mo fi pọn ọ́n, kò sí ilé ọtí ní Ìgbógbò tó lè bá a dọ́gba. Mo fi òpúnà ká kọ́ọ̀kì, kò dún. Kò sí "ṣììì", kò sí ìfófòó. Bàbá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wo inú ife, wọ́n wò mí. "Ọkọ ọmọ mi, ṣé kí n fi èyí lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ni?"

Ọtí yẹn kò bàjẹ́ o. Mo tọ́ ọ wò lọ́jọ́ tí mo rọ ọ́, ó dùn. Ẹnu ìgò ló ń jò. Ike lítà 20 ni mo pọn, mo rí ìgò 31 nínú rẹ̀, mẹ́sàn-án ló sì kú báyẹn. Ẹ̀rọ tí mo fi dé wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń lò ó, mo ti bú u, mo sì ti bẹ̀ ẹ́.

Ó ní apá pupa méjì bíi ẹni tó fẹ́ dì mọ́ èèyàn. Láàárín wọn ni agogo irin kékeré kan wà tó ń bọ kọ́ọ̀kì lórí, mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí kọ́ọ̀kì já bọ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ apá méjèèjì wálẹ̀, irin pẹlẹbẹ méjì á há mọ́ abẹ́ òrùka tó wà lọ́rùn ìgò, agogo á sọ̀kalẹ̀, á sì ká eyín kọ́ọ̀kì wọlé. Kò nílò iná, ìyẹn nìkan tó láti fẹ́ràn rẹ̀ ládùúgbò wa. ₦28,000 ni mo rà á, ẹni tó tà á fún mi sì fi kọ́ọ̀kì ọgọ́rùn-ún ṣe ẹ̀ní. Ẹ fi ẹ̀ní yẹn sọ́kàn.

Iṣẹ́ tọ́nà, ìyẹn fífi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ni mo fi ọdún 16 ṣe ní Odògúnyàn, n kì í gba nǹkan gbọ́ láì wọ̀n ọ́n. Nígbà tí àna mi lọ tán, mo gbé kálípà, mo wọn kọ́ọ̀kì orí àwọn ìgò tó kù kí n tó ṣí ẹyọ kan. Èyí tó dé dáadáa kì í kúrò ní nǹkan bíi 28.7 mìlímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Àwọn tó kú? 29.2, 29.4, ọ̀kan tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì mìlímítà péré ló dójú tì mí níwájú àna.

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ. Àṣé mẹ́ta nínú àwọn ìgò náà jẹ́ ìgò ọtí òkè òkun tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kọ́ọ̀kì rẹ̀. Ẹnu irú ìgò bẹ́ẹ̀ ní ìlà yíyí, eyín kọ́ọ̀kì ò rí ibi tó máa dì mú dáadáa. Ìgò lásán lásán ni mo pè é, ẹ má ṣe bíi tèmi. Méjì mìíràn, àbúrò ìyàwó mi ló bá mi ṣa kọ́ọ̀kì wọn nílé ọtí, ó ní kí n má náwó dànù. Kọ́ọ̀kì tí òpúnà ti ká lẹ́ẹ̀kan ti wọ́, bẹ́ ẹ bá fi òòlù nà án títí, kò lè dé mọ́.

Mẹ́rin tó kù, ẹ̀ní yẹn ni. Mo yí kọ́ọ̀kì náà padà lọ́sàn-án gangan, mo rí ìpẹtà létí wọn. Rọ́bà tín-ín-rín inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ń ṣí bí awọ àlùbọ́sà. Rọ́bà yẹn gan-an ló ń dí ẹnu ìgò, irin wulẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Ará Amẹ́ríkà kan, William Painter, ní ìlú Baltimore, ló gba ìwé àṣẹ irú ìdérí yìí ní 1892. Eyín 24 ni tìgbà náà ní, ẹ ka ti ọwọ́ yín, 21 lẹ máa bá. Èèpo igi tí òyìnbó ń pè ní kọ́ọ̀kì ni wọ́n ń tẹ́ sínú rẹ̀ nígbà náà. Igi yẹn ti lọ, àwa ṣì ń pe irin ní kọ́ọ̀kì. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù náà, ẹni tó tà á ní ẹ̀bùn kì í ní gàràǹtì. Mo dákẹ́, mo ra tuntun níbòmíràn.

Látìgbà yẹn, ìgò pupa rẹ́súrẹ́sú 60 sẹ̀ntílítà tí àwọn ilé iṣẹ́ bíà wa ń lò nìkan ni mo ń dé. Ọwọ́ onílé ọtí kan ní Ìta Ẹlẹ́wà ni mo ti ń san owó ìgò. Òrùka ọrùn rẹ̀ nípọn, irin pẹlẹbẹ yẹn ń mú un bí ọwọ́ ọlọ́pàá. Ìgò kékeré tí ọrùn rẹ̀ kúrú kò bá ẹ̀rọ yìí mu rárá, méjì ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn.

Ọ̀nà tí mo ń gbà tẹ̀ ẹ́: mo máa ń ṣẹ́ aṣọ sí mẹ́rin sílẹ̀, mo gbé ìgò lé e, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì tẹ apá méjèèjì papọ̀. Bí apá kan bá yára ju èkejì lọ, kọ́ọ̀kì á dagun. Lẹ́yìn náà mo yí ìgò díẹ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fi ìka gbìyànjú láti yí kọ́ọ̀kì. Bó bá yí, mo yọ ọ́, mo fi òmíràn dé e. Lọ́jọ́ kẹta, mo tẹ́ ìgò kọ̀ọ̀kan sínú bàsíà omi. Èyí tó ń jò á máa tu ìfófòó wẹ́wẹ́ jáde lẹ́nu, kò lè purọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wá dé e tó dé, ẹ ṣọ́ra fún ṣúgà tí à ń fi sí i nígbà tá a bá ń rọ ọ́ sí ìgò, kó lè fófòó. Gíráàmù mẹ́fà sí lítà kan ni tèmi, lẹ́yìn tí ọtí ti hó tán pátápátá nínú ike, mo sì ń fi ìka méjì sílẹ̀ lókè ìgò. Ìgò tó ń jò á kàn dójú tini; ìgò tó dé dáadáa tí ṣúgà pọ̀ jù nínú rẹ̀ á bú gbàmù lóru.

Mẹ́ta àbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún ẹ̀rọ yìí. Àbọ̀ kan lọ nítorí ìgò ọlọ́rùn kúkúrú. Ìyókù lọ nítorí nọ́ọ̀tì apá òsì tó máa ń tú lẹ́yìn bíi ogún ìgò, títí mo fi pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi. Irú ẹ̀rọ ìdérí kejì, èyí tó ń jókòó lórí tábìlì, tó ní apá gígùn kan, ń tẹ kọ́ọ̀kì wálẹ̀ ní gbọọrọ, kò sì bìkítà fún òrùka ọrùn ìgò. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Bí ẹ bá ń pọn ju ike méjì lọ lóṣù, ẹ fara dà á, ẹ rà á. Onítajà? Ọ̀kan nínú márùn-ún, ìyẹn náà nítorí ó fún mi ní àga kí n jókòó.

Mi ò ní lè ya fọ́tò ẹ̀rọ náà fún yín báyìí. Ìyá tó ń ta sóbò lójúlé kejì ló yá a. Mo ṣàlàyé fún wọn pé sóbò tó ní ṣúgà, tí kò sí nínú fíríìjì, máa ń hó fúnra rẹ̀ nínú ìgò. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, pé ọjọ́ Sátidé làwọn máa dá a padà. Sátidé méjì ti kọjá.