Fúlótà ₦9,500 àti Bẹ́ljíọ̀mù ₦15,000: èyí tí Micra mi gbà

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Èrò mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀, mo gbé wọn láti Dùgbẹ̀, Ṣàngó là ń lọ. A ti gun òkè Mọ́kọ́lá dé ìdajì nígbà tí ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí omi há lọ́fun, ó sì kú. Mo wo gééjì. Abẹ́rẹ́ jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí kọ́tà. Mo pa kọ́kọ́rọ́, mo tún ṣí i, ó padà sórí kọ́tà. Mo fọwọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, kọ́tà náà ni. Mọ́mì kan tó jókòó níwájú wò mí, ó ní, "Dírébà, epo ti tán nínú mọ́tò ẹ." Mo ní, "Mọ́mì, ẹ wò ó, epo wà, kọ́tà rèé." Mọ́mì ní, "Ó dáa. Sọ fún kọ́tà kó bọ́ sílẹ̀ kó wá bá wa tì í."

Fúlótà, ohun tó ń sọ fún gééjì bí epo ṣe kù tó, ló fi mí ṣẹ̀sín bẹ́ẹ̀, kò sì tíì pé oṣù méjì nínú táńkì. Tuntun ni, inú páálí ló ti jáde, ₦9,500 ni mo rà á. Tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, àti tìtorí èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀, Bẹ́ljíọ̀mù, ìyẹn àlòkù òkè òkun, tí mo rà ní ₦15,000. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan. Ẹni tó bá mọ ọjà Aráròmí ní Agodi Géètì mọ̀ pé ọjà kan náà lè wà ní ṣọ́ọ̀bù ogún.

Ẹni tí kò bá rí fúlótà rí: ẹ ṣí àga ẹ̀yìn Micra, ẹ ó rí ọmọrí kan nílẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni pọ́ǹpù epo àti fúlótà wà. Fúlótà ò ju apá wáyà kan lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́, ohun kan tó ń léfòó wà ní ìparí rẹ̀. Epo bá pọ̀, á gbé e sókè. Epo bá dín, á sọ̀ kalẹ̀. Ní ìdí apá yẹn, ahọ́n irin kékeré kan ń ha ara mọ́ ojú ọ̀nà kan tó ń dí iná lọ́wọ́, ibi tí ahọ́n bá dúró sí ló ń sọ bí iná tó ń lọ sí gééjì ṣe máa pọ̀ tó. Gééjì ò fojú kan epo rí láyé ẹ̀. Ibi tí apá yẹn tẹ̀ sí ló ń kà fún wa.

Ibẹ̀ ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kódà nínú ọkọ̀ tuntun. Táńkì kì í ṣe garawa. Wọ́n fún un mọ́ abẹ́ àga ni, ibì kan fẹ̀, ibì kan rí gbágungbàgun, ó ń yẹra fún sàlẹ́ńsà. Tí epo bá kún, fúlótà á ti kan òrùlé táńkì, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí epo á fi lọ sílẹ̀ dáadáa. Ẹ ó máa rò pé ọkọ̀ yín ò mu epo. Ìdajì àkọ́kọ́ á wá falẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú owó oṣù, ìdajì kejì á sáré bí owó oṣù fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ń gun òkè, epo á wọ́ lọ sẹ́yìn. Tí ẹ bá ń sọ̀, á wọ́ wá síwájú. Ní Ìbàdàn níbí, ibo lẹ fẹ́ wà tí ẹ ò ní gun òkè? Nítorí wíwọ́ síwá-sẹ́yìn yìí làwọn tó ṣe ọkọ̀ ṣe mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ lọ́ra, kó má baà máa jó lójú ẹni. Wọ́n tún mọ̀ọ́mọ̀ fi epo díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ E, kí ẹni tó bá rí E lè rìn dé ilé epo.

Irọ́ ọ̀hún ò bí mi nínú. Fúlótà tó bá ọkọ̀ mi dé láti òkè òkun parọ́ fún mi fún ọdún méje, mo sì mọ irọ́ rẹ̀ bí mo ṣe mọ ìbínú ìyàwó mi. Tí abẹ́rẹ́ bá kan E, mo ṣì lè lọ láti Dùgbẹ̀ dé Ọ̀jọ́ọ̀ kí n tó yà ra epo. Kò yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìgbà tí ahọ́n irin yẹn ha ojú ọ̀nà rẹ̀ jẹ tán, tí abẹ́rẹ́ sùn sórí E tí kò dìde mọ́, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé mo ní ọ̀rẹ́.

Mo wa ọkọ̀ láìní gééjì fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa pọ̀. Mítà kìlómítà tèmi ti kú kí n tó ra ọkọ̀, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ ni mò ń kà: epo ₦5,000 láàárọ̀, Dùgbẹ̀ sí Ṣàngó báyìí lọ, báyìí bọ̀, ìka mélòó ni mo ti ká? Tí èrò bá pọ̀ tí mo gbàgbé kíkà, mo máa ń páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí n di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú, kí n mì í jìgìjìgì, kí n wá dẹ etí sí àga ẹ̀yìn. Epo tó pọ̀ máa ń dún bọ̀ǹbọ̀, ó wúwo létí. Èyí tó kù díẹ̀ á máa ṣe sháú-sháú bí omi nínú ìkòkò tó fẹ́ẹ́ gbẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní gáréèjì ò ṣe gbogbo ìyẹn, kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún ló ń gbé sínú búùtù. Mi ò bá a jiyàn mọ́, mi ò sì jẹ́ wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Kíkà ìka náà ní ìṣòro tiẹ̀, torí ₦5,000 ilé epo kan kì í ṣe ₦5,000 ilé epo kejì. Ó yé yín.

Ohun kan wà tí mo ń rò láti ìgbà náà. Nígbà tí epo ṣì wọ́n níwọ̀n, ẹlòmíì máa ń kún táńkì lọ́jọ́ Ajé, kò sì ní wo gééjì títí di ọjọ́ Ẹtì. Táńkì tó kún ni gééjì ẹ̀. Láti 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, a kúrò lórí ₦200 tí kò pé, a bá ara wa lórí ₦617 nínú oṣù keje ọdún náà. Nígbà tí mo fi ń ra fúlótà yìí, lítà kan ti lé ní ₦1,000. Táńkì Micra mi gba lítà 42. Ta ló fẹ́ kún un? Gbogbo wa ti kó lọ gbé ìsàlẹ̀ kọ́tà, ibẹ̀ gan-an ni irọ́ gééjì ti ń pa ènìyàn lára. Ìsàlẹ̀ ọ̀hún kò dára fún pọ́ǹpù pẹ̀lú, nítorí inú epo ló wà, epo yẹn ló sì ń mú ara rẹ̀ tutù.

Ó dáa, fúlótà. Mẹkáníìkì kan ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé odidi gééjì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ló kú, ₦40,000. Ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí mò ń lò ní Ìwó Róòdù ló gbà mí. Ó ṣí àga, ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì orí fúlótà, ó fi wáyà kékeré kan so ẹnu rẹ̀ mọ́ bọ́dì ọkọ̀, ó ní kí n ṣí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ tó ti ń sùn láti oṣù mẹ́rin dìde díẹ̀díẹ̀, ó lọ kan F. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gééjì yín ò ṣe nǹkan kan. Fúlótà ló kú." Ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà, kò gba kọ́bọ̀ fún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é lójú yín kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Fúlótà ₦9,500 yẹn ń dán. Orí páálí, "Nissan" ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò sọ Nissan wo. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé mò ń wo gééjì ju ojú ọ̀nà lọ. Lẹ́yìn Mọ́kọ́lá tí a yọ ọ́, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Apá tuntun fi oríkèé ìka kan gùn ju èkejì lọ. Òun nìyẹn! Kí epo tó tán, fúlótà ti kanlẹ̀ táńkì, kò ríbi sọ̀ sí mọ́, abẹ́rẹ́ á sì dúró sí kọ́tà títí ayé. Mo gbé e padà lọ. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n tẹ apá náà díẹ̀. A tẹ̀ ẹ́. Ó wá mọ E, ṣùgbọ́n nígbà tí ríwáyà fọwọ́ gbé e sókè pátápátá, kọ́tà mẹ́ta ló mọ, kò mọ F mọ́. Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ní ọjà tó bá ti wọ epo, àwọn kì í gbà á mọ́.

Ríwáyà tẹ̀ lé mi lọ ra Bẹ́ljíọ̀mù, ó mú mítà tó fi ń wọn iná dání. Ó ń gbé apá fúlótà sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń wo nọ́ńbà. Ó ní kò gbọ́dọ̀ fò. Ti àkọ́kọ́ fò, ti èkejì fò. Ojú ọlọ́jà ti ń le. Ẹ̀kẹta lọ geere, àfi ojú kan láàárín. Ẹ̀kẹta yẹn la mú. Ojú ọ̀nà ahọ́n rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ríwáyà wá fi írésà ọmọ iléèwé nù ún títí ó fi ń tàn. Ó ní epo tí à ń rà ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, pé láti oṣù kejì ọdún 2022 tí epo tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, òun ò sinmi àga ẹ̀yìn ọkọ̀ ní ṣíṣí. Mo rò pé ó ń ṣe àsọdùn, títí àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Florida fi sọ fún mi pé lọ́dún 2004, epo tí ṣúfúrù pọ̀ nínú rẹ̀ ba gééjì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ níbẹ̀, tí ilé iṣẹ́ tó ń tà á fi dá títà rẹ̀ dúró ní ọ̀pọ̀ ilé epo.

Ríwáyà náà ṣẹ̀ mí o. Rọ́bà tó yí ẹnu ihò táńkì ká, ti àtijọ́ ló dá padà síbẹ̀, ó ti gan. Ọjọ́ méjì ni èrò fi ń ṣí fèrèsé, tí wọ́n ń bi mí bóyá epo ni mò ń tà. Mo padà lọ, ó bẹ̀ mí, ó fi tuntun sí i. Ó gba owó rọ́bà, kò gba owó iṣẹ́.

Oṣù márùn-ún nìyí. Bẹ́ljíọ̀mù yìí ní àléébù: tó bá kan ìdajì, abẹ́rẹ́ á já lulẹ̀ sí E, á sì tún gòkè padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò kàn mí, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ń rí ìdajì? Láti kọ́tà sísàlẹ̀ ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo dán an wò lọ́jọ́ Àìkú kan láìgbé èrò: láti orí E, Bódìjà dé Ọ̀jọ́ọ̀, àlọ àti àbọ̀, ẹ́ńjìnnì ò wúkọ́.

Nínú márùn-ún, mo fún Bẹ́ljíọ̀mù ní mẹ́rin. Ríwáyà gba mẹ́ta àtààbọ̀, rọ́bà ló jẹ ìyókù. Èyí tó dán gba ọ̀kan, nítorí páálí rẹ̀ dáa, ìyàwó mi ń kó ìṣó sínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń lọ Géètì, kó mú fúlótà àtijọ́ dání, kó tẹ́ apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó sanwó. Owó iṣẹ́, ₦4,000. Rọ́bà, ₦1,500, kò sí nínú ₦15,000 yẹn, wọn ò sì ní rán yín létí.